Ọjọ́ kan ní Mainland, láì kọjá omi

Gbogbo Disẹ́ńbà ni mo máa ń rí i lórí TL mi. IJGB á dé láti London, á lọ sí bíìṣì ní Lekki, á jó mọ́jú ní Victoria Island, á wá kọ ọ́ síbí pé òun ti rí Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, Èkó wo?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wálé lọ́dún tó kọjá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan péré. A ò ní kọjá afárá kankan." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ibi tá a dé àti ìtàn tí mo sọ fún wọn lọ́nà ni thread yìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jẹ.

Àwa náà jẹun ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì, ní Ojúẹlẹ́gbà. Wizkid ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ orúkọ yẹn, àmọ́ ojúbọ Ẹlẹ́gbára ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, kí mọ́tò kankan tó dé ibẹ̀ rárá. Láti ibẹ̀ la ti fẹsẹ̀ rìn wọ inú Sùúrùlérè, lọ sí apá ibi tí wọ́n ń pè ní Rehousing. Ẹ̀gbọ́n dúró. "Kí ló dé tí àwọn ilé yìí fi jọra báyìí?"

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò, àmọ́ ẹ ṣì máa rí àwọn ilé kéékèèké tó so mọ́ra wọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n kọ́ wọn fún.

Ní 1955, òmìnira ti ń bọ̀ lọ́nà, ìjọba sì fẹ́ kí olú-ìlú mọ́ lójú àlejò. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Lagos Executive Development Board, LEDB. Wọ́n ya nǹkan bí àádọ́rin éékà sọ́tọ̀ láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n ní ibẹ̀ ti dọ̀tí jù, àwọn máa wó o. Agboolé ló wà níbẹ̀ o! Ilé bàbá bàbá èèyàn. Ibi tí wọ́n ti sin òkú wọn sí. Àwọn onílé fàáké kọ́rí, àmọ́ wọ́n ṣáà wó o. Wọ́n ní àwọn onílẹ̀ lè padà wá ra ilẹ̀ wọn tí àwọn bá tún un pín tán. Ta ló fẹ́ rówó ẹ̀ rà? Ọ̀pọ̀ ò padà mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni òyìnbó kan, Peter Marris, wádìí ọ̀rọ̀ wọn, ó sì fi ṣe ìwé ní 1961. Ohun tó rí rèé: èèyàn tí kì í sanwó ilé rí, torí pé ilé ẹbí ló ń gbé, wá di ayálégbé. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà fún àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n látọjọ́ pípẹ́ ò rí ẹni tó máa rajà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ padà lọ tajà ní Èkó, owó ọkọ̀ á jẹ èrè ẹ̀. Àwọn ẹbí tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà wá di ẹni tó ń ríra nígbà ọdún. Ẹ wá wo orúkọ tí wọ́n máa gbé nínú ẹ̀: Sùúrù-lérè. Èmi ò lè gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ kí inú mi má rí bákan.

A kọjá lára National Stadium. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ torí ó ń dùn mí. Wọ́n ṣí i ní 1972, wọ́n ṣe All-Africa Games níbẹ̀ ní January 1973, ibẹ̀ náà la ti na Algeria ní 3-0 ní 1980, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Lawal jẹ ọ̀kan. Ẹ lọ wò ó lónìí fúnra yín.

Ó yá, Yábàá. Kẹ̀kẹ́ la wọ̀.

Ṣé ẹ rò pé Sùúrùlérè làkọ́kọ́? Rárá o. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní plague, wọ Èkó, kò sì lọ bọ̀rọ̀. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá LEDB yẹn sílẹ̀ ní 1928. Wọ́n wó àwọn ilé ní Oko Awo, wọ́n pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ní Yábàá, wọ́n la títì tó gún régé. Ìdí nìyẹn tí àwọn títì kan ní Yábàá fi tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Eku ló fà á, tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa.

Wọ́n wá kọ́ Yaba Higher College síbẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1934. Ọmọ máa kàwé lọ́pọ̀ ọdún, ìwé ẹ̀rí tó máa gbà ò sì ní jẹ́ dìgírì bíi ti London. Igbákejì òyìnbó ló máa jẹ́ títí. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ò gbà. Ernest Ikoli, J.C. Vaughan, Samuel Akinsanya, H.O. Davies àtàwọn mìíràn dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Ní 1936 wọ́n sọ ọ́ di Nigerian Youth Movement, ní 1938 wọ́n na ẹgbẹ́ Herbert Macaulay mọ́lẹ̀ nínú ìbò Èkó. Ọ̀rọ̀ iléèwé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o. Nígbà tí Zuckerberg sì wá sí Nàìjíríà ní 2016, Yábàá ló kọ́kọ́ lọ, sí CcHub. Lekki náà ń wò ó.

A wọ rélùwéè Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024. Láti Yábàá, ibùdó tó tẹ̀ lé e ni Múṣin. Wọ́n ní èso iṣin tó pọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Èyí ló ya Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu jù: kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Múṣin ò sí lára Èkó. Western Region ni. Èèyàn á rìn díẹ̀ kúrò ní Yábàá, á ti jáde kúrò ní olú-ìlú. Òfin ilé kíkọ́ tó le nínú Èkó ò dé ọ̀hún, ilé ò wọ́n, nítorí náà ibẹ̀ làwọn tó ń wá iṣẹ́ wá ń sọ̀ sí. Èrò wọ̀ ọ́ bámú-bámú. Ẹni tó bá ń fi Múṣin ṣe yẹ̀yẹ́ pé "ibi àwọn jàgídíjàgan" kó rántí ìyẹn.

Títì Agege Motor Road, lápá Ìdí-Orò, ni Fẹlá gbé. Ó pe ilé ẹ̀ ní Kalakuta Republic. Ní February 18, 1977, àwọn sójà ya wọ ibẹ̀, wọ́n lu gbogbo èèyàn, wọ́n dáná sun ilé. Wọ́n ju ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú wíńdò òkè. Ìyá yẹn ò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní April 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní sójà tí wọn ò mọ̀ ló ṣe é. Dánfó ń sáré kọjá níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kọ́ńdọ́ ń pe "Oshodi! Oshodi!"

Nígbà tó di alẹ́, Ẹ̀gbọ́n pe Uber. Ọ̀rẹ́ wọn kan ń ṣe pátì ní Oniru.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n ní rárá. Mo sọ fún wọn: Maroko. Ní July 1990, ìjọba ológun fún wọn ní ọjọ́ méje, kátápílà sì dé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn sí ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, ọ̀pọ̀ sì wá ibi tí orí gbé wọn dé.

Uber dé. Ẹ̀gbọ́n ò tíì wọlé, wọ́n ń wo mi.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ọ̀la, níbo la tún ń lọ?"