Bí Ìwé Aláìsàn Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Gbogbo ẹni tó bá ti bímọ ní ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ ló mọ kàné. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sí, bí ọmọ ṣe wúwo tó, àti oògùn tí dókítà ní kó lò. Bí kàné bá sọnù, ìtàn ara ẹni náà sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n gbé aláìsàn láti Pọ́bẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ níbí, kí wọ́n tún gbé e láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnu, ibi kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn wo lo ti lò? Oògùn wo ni kì í bá ọ lára mu? Ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ kò lè dáhùn. Ẹni tó bá a wá lè má mọ̀. Oògùn tí kò bá ara mu sì lè pa ènìyàn.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti àwọn tó ń gbìyànjú kí ìwé aláìsàn lè máa bá aláìsàn rìn. Ó ti lé ní 50 ọdún tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Faransé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń dá èdè tí wọn yóò fi máa pàṣẹ fún un. Àṣẹ tí wọ́n bá kọ jọ fún iṣẹ́ kan ni à ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1966 sí 1967, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General Hospital ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, Neil Pappalardo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá èdè kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Wọ́n pè é ní MUMPS. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fi tọ́jú àwọn tó ti ṣe ológun rí fi èdè yìí kọ ètò tiwọn. Owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà wọn kò tà á. Ẹni tó bá fẹ́ lè mú un lò.

Àwọn ará Ifẹ̀ mú un. Ní ọdún 1989, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá Yunifásítì ìlú Kuopio, ní orílẹ̀-èdè Finland, ṣiṣẹ́ pọ̀. Abimbola Soriyan wà lára àwọn ará Ifẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà, Mikko Korpela sì wà lára àwọn ará Finland. Wọ́n mú ètò àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n tún un ṣe kó lè bá Ifẹ̀ mu. Láti ọdún 1991 ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé sí ilé ìwòsàn náà, àìsàn tó ń ṣe é, àti ọjọ́ tó jáde.

Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìwé kì í kú nígbà tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń kú. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró. Ní ọdún 1993, Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ HELINA, ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà àti ìlera ní Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ètò tuntun tí wọ́n pè ní MINPHIS, tí ilé ìwòsàn ńlá mélòó kan mìíràn ní Nàìjíríà náà lò. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà túmọ̀ sí pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Èmi fẹ́ràn orúkọ yìí. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé àlejò ló ń kó gbogbo nǹkan báyìí wá fún wa, mo máa ń rántí rẹ̀.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 2004 ni iṣẹ́ OpenMRS bẹ̀rẹ̀, ètò tí a kì í fi owó rà, tí wọ́n sì lò ní Eldoret, ní orílẹ̀-èdè Kenya, fún àwọn tó ní àrùn éèdì.

Ibi tí wàhálà wá wà nìyí. Ètò pọ̀, ṣùgbọ́n ètò kan kò gbọ́ èdè èkejì. Ẹ wo ọjà Ouando wa. Ará Sákété ń sọ Nàgó, ará Àjàṣẹ́ ń sọ Ègùn, ará Àgbómẹ̀ ń sọ Fọn. Wọ́n ń rajà lọ́wọ́ ara wọn nítorí pé ẹni kan nínú wọn gbọ́ èdè èkejì. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìwòsàn kan bá kọ 03/04, ará Faransé yóò kà á sí ọjọ́ 3 oṣù 4. Ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ 4 oṣù 3. Ènìyàn yóò béèrè, kọ̀ǹpútà yóò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ará Amẹ́ríkà kan ṣe dá ẹgbẹ́ HL7 sílẹ̀ ní ọdún 1987, kí gbogbo ètò ilé ìwòsàn lè ní ọ̀nà kan náà tí wọn yóò fi máa ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní ọdún 2011, Grahame Grieve, ará Australia, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun tí à ń pè ní FHIR, tó rọrùn ju ti àtijọ́ lọ, tó sì bá íntánẹ́ẹ̀tì mu.

Ti àwa Nàgó tún le díẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Adesina ní Nàìjíríà, Adéchina ni wọn yóò kọ ọ́ níbí, nítorí bí Faransé ṣe ń kọ̀wé. Ènìyàn kan náà ni, kọ̀ǹpútà á ní ènìyàn méjì ni. Àwọn àgbà wa púpọ̀ ni ìwé wọn sọ pé né vers 1950, tó túmọ̀ sí pé wọ́n bí wọn ní nǹkan bí ọdún 1950. Kọ̀ǹpútà ń béèrè ọjọ́ àti oṣù. Akọ̀wé tó bá fẹ́ kó gbà á yóò fi ọjọ́ kan síbẹ̀, akọ̀wé mìíràn yóò sì fi ọjọ́ mìíràn. RAVIP, ìkànìyàn tí ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó kà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lójú mi, nọ́ńbà yẹn lè ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ju kọ̀ǹpútà olówó ńlá lọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ ló gba iṣẹ́ náà bí òwò. Ní Èkó, Adegoke Olubusi, Dimeji Sofowora àti Tito Ovia dá Helium Health sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ní Benin wa níbí, dókítà obìnrin kan, Vèna Arielle Ahouansou, dá KEA Medicals sílẹ̀ ní ọdún 2017. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ẹni kọ̀ọ̀kan ní àmì kan. Àmì náà jẹ́ àwòrán kékeré onígun mẹ́rin, bí irú èyí tó wà lára ọjà mìíràn. Bí dókítà bá fi fóònù wò ó, yóò rí irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, àìsàn rẹ̀ àtijọ́, àti oògùn tí kò bá a lára mu. Aláìsàn ìbá má lè sọ̀rọ̀, àmì náà yóò sọ ọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ jẹun. Ta ni yóò sanwó? Aláìsàn kò ní owó, ilé ìwòsàn kékeré ń wá owó oògùn. Ilé ìwòsàn olówó tilẹ̀ lè má fẹ́ kí ìwé aláìsàn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí aláìsàn náà lè tẹ̀lé ìwé lọ. Àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ sọ èyí síta.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn obìnrin kíláàsì wa máa ń bi mí: ta ni yóò máa ka ìwé náà? Wọn kò ṣàṣìṣe. Ẹni tó ní àrùn éèdì lè sọ ilé àti ọkọ nù bí ọ̀rọ̀ bá jáde. Kàné wà nínú àpótí ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n ìwé inú kọ̀ǹpútà wà níbi tí kò mọ̀. Òfin Benin tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn bó ṣe wuni. Ó fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, àti kí wọ́n tún un ṣe bó bá ṣì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní APDP ló ń bójú tó o.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ń lo DHIS2, ètò tí Yunifásítì ìlú Oslo ní Norway ṣe. Iye ni èyí ń kà: ọmọ mélòó ló gba abẹ́rẹ́, ènìyàn mélòó ni ibà mú. Kò sí nínú iye yẹn ẹni tí ibà mú gan-an, tàbí oògùn tó lò. Ní ibi púpọ̀, nọ́ọ̀sì ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: nínú ìwé ńlá ilé ìwòsàn, nínú ìwé iye tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba, àti nínú kàné tí ìyá ọmọ yóò gbé lọ sílé.