Ohùn Tí Ó Há: Ìtàn Bí Ojú Ṣe Dé Inú Gògóńgò

Ní ilẹ̀ Kábà àti agbègbè rẹ̀, láàrin àwọn Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Ọ̀rọ̀ náà ni “Okun”. Òun ni wọ́n fi ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́. Òun náà ni wọ́n fi ń bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn. Ní ọdún 1965 ni onímọ̀ kan, Eva Krapf-Askari, dábàá pé kí a fi ìkíni yìí pe gbogbo wọn pọ̀, orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lára. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, níbi tí ìkíni ti di orúkọ ènìyàn, ẹni tí ohùn rẹ̀ há tí kò là mọ́ ti pàdánù ohun tí ó ju orin lọ.

Inú gògóńgò ni ohùn ti ń wá. Bí èémí bá gòkè láti inú ẹ̀dọ̀fóró gba kòmóòkun, yóò bá tán-án-ná méjì pàdé. Bí àwọn wọ̀nyí bá súnmọ́ ara wọn, èémí a mú wọn gbọ̀n. Bí wọ́n bá gbọ̀n kíákíá, ohùn a lọ sókè, bí wọ́n bá sì rọra gbọ̀n, ohùn a wálẹ̀. Gbogbo èdè ni ó nílò èyí, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ gan-an lé e lórí: òun ni ó ya ọkọ tí obìnrin fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Nítorí náà, bí tán-án-ná bá wú, tàbí tí kókó hù lára wọn, tàbí tí iṣan tí ó ń darí wọn kú, kì í ṣe adùn ohùn nìkan ni ó bàjẹ́. Ìtumọ̀ pàápàá a máa ṣókùnkùn.

Àwọn baba wa kò káwọ́ lẹ́rán. Orógbó ni akọrin àti akéwì ń jẹ kí ohùn wọn lè là. Oyin àti atalẹ̀ wà fún ọ̀fun tí ó ń dunni. Fún ohùn tí ó há nítorí òtútù tàbí ariwo ọjọ́ ọdún, ìwọ̀nyí àti ìsinmi tó, nítorí irú rẹ̀ a máa lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí híhá náà bá di oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, etí nìkan kò lè mọ ìdí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìfura ti ń wọlé pé ọ̀tá ni ó gba ohùn olóhùn. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀ràn ti rí bẹ́ẹ̀. Títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣègùn Yúróòpù pàápàá kò rí ọ̀nà wo gògóńgò ẹni tí ó wà láàyè dáadáa. Lára òkú ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ẹni tí ó la ọ̀nà náà kì í ṣe oníṣègùn. Olùkọ́ orin ni, Manuel García, ọmọ Spéìn, tí a bí ní 1805. Ní 1841, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Paris, ọ̀dọ́bìnrin akọrin kan láti Sweden, Jenny Lind, tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ohùn tí àṣejù iṣẹ́ ti bàjẹ́. García kò gbà á bí akẹ́kọ̀ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí ó lọ pa ẹnu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ìsinmi yìí ni ó kọ́ ọ, obìnrin náà sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n ó wu García kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń tọ́jú. Ní 1854, ó ra dígí kékeré ọlọ́wọ́ gígùn tí a ṣe fún oníṣègùn eyín, ó gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì fi dígí kejì darí ìtànṣán oòrùn sí i. Tán-án-ná rẹ̀ hàn kedere, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Ní 1855 ni a ka ìwádìí rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní London.

Ní Vienna, Ludwig Türck lo irú dígí yìí fún àwọn aláìsàn ní 1857, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ọdún náà rẹ̀ ẹ́ dáwọ́ dúró. Johann Czermak yá dígí náà, ó fi ìmọ́lẹ̀ fìtílà rọ́pò oòrùn, ó sì tan ìmọ̀ náà káàkiri. Láti ìgbà náà ni oníṣègùn ti lè wò kí ó tó wo aláìsàn sàn.

Síbẹ̀, rírí nìkan kò tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1887, ohùn Friedrich, àrẹ̀mọ ọba Jámánì, há. Àwọn oníṣègùn Jámánì fura sí jẹjẹrẹ, wọ́n sì múra láti ṣí ọrùn rẹ̀. A ránṣẹ́ pe Morell Mackenzie láti London. Ó já díẹ̀ nínú kókó náà, Rudolf Virchow yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì rí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Wọ́n jáwọ́ nínú iṣẹ́ abẹ. Kí ọdún náà tó parí, Mackenzie fúnra rẹ̀ gbà pé jẹjẹrẹ ni. Ní oṣù kejì 1888 ni a lu ihò sí ọ̀nà èémí rẹ̀, ní oṣù kẹta ó jọba, ó sì ń kọ̀wé sórí ìwé dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó lò lórí ìtẹ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn ṣí ní 1957, ti Ìlọrin sì tẹ̀ lé e ní 1980, nígbà tí ilẹ̀ Okun ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Lónìí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ìmọ́lẹ̀ lórí, tí a ń gba ihò imú tì wọlé, ti gba iṣẹ́ dígí García ṣe. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ń fi hàn pé ọ̀pọ̀ tí jẹjẹrẹ gògóńgò mú kì í dé títí mímí fi di ogun, nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a gé gògóńgò náà kúrò. Àwọn ọmọdé mìíràn tí ohun bíi wọ́nwọ́n hù sí tán-án-ná wọn sì ti gba oògùn ikọ́ fée fún ìgbà pípẹ́.

Ẹni tí a gé gògóńgò rẹ̀ lè fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń gbé mọ́ ọrùn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà sábà máa ń dún lóhùn kan. Ẹni tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò pàdánù adùn; ẹni tí ń sọ Yorùbá yóò pàdánù ìyàtọ̀ láàrin ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Bí a bá sì tètè rí àìsàn náà, ìtànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré lè mú un kúrò kí ohùn sì kù.

Nítorí náà, olùkọ́, oníwàásù, ládàánì tàbí ìyá ọlọ́jà tí ohùn rẹ̀ há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí ó jẹ orógbó rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó lọ sí ibi tí a ó ti wo gògóńgò rẹ̀. Olùkọ́ orin kan ti la ọ̀nà náà láti 1854. Kò yẹ kí ó jẹ́ àìmí ni yóò lé ẹnikẹ́ni débẹ̀.