Ẹ̀fọn Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Nínú Ilé Mímọ́

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kejìlá, 1900

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ń ki tẹmómítà bọ àwọn ará Camp Lazear lẹ́nu, tí wọ́n sì ń di ọwọ́ wọn mú láti ka bí iṣan ṣe ń lù. Àgọ́ ológun Amẹ́ríkà ni, inú oko kan lẹ́bàá Quemados ni wọ́n pa á sí, kò jìnnà sí Havana ní Kúbà. Sójà ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí ibà pọ́njú (yellow fever) kò tíì ṣe rí kò gbọdọ̀ yọjú sígboro, torí bó bá lọ kó ibà níbòmíì, iṣẹ́ ti dojú rú nìyẹn. Dókítà Jesse Lazear ni wọ́n fi sọ àgọ́ náà lórúkọ. Ó wà lára àwọn mẹ́rin tí ìjọba Amẹ́ríkà rán wá wádìí ibà yìí, Major Walter Reed sì ni olórí wọn. Ibà tí Lazear ń wádìí ló pa á ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 34 ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló ń gbé ibà náà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì? Ẹrù aláìsàn ni, lọ́pọ̀ dókítà wí: aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èébì dúdú tó bì sílẹ̀. Carlos Finlay, dókítà ọmọ Kúbà, ti sọ lójú agbo àwọn ọ̀mọ̀wé ní Havana lọ́dún 1881 pé ẹ̀fọn ni. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún tí wọ́n fi fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn Reed wá ń wá ẹyin ẹ̀fọn, ọ̀dọ̀ Finlay náà ni wọ́n lọ, ó sì fún wọn. Ẹlòmíì ì bá ti ilẹ̀kùn.

Ilé pákó méjì ló wà nínú àgọ́, ìwọ̀n kan náà ni méjèèjì: ogún ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, mẹ́rìnlá ní ìbú. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni fèrèsé kéékèèké méjì tó wà lára Ilé Kìíní wà, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ já. Sítóòfù ló ń mú un gbóná, inú rẹ̀ sì ni wọ́n kó aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn sí, pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́ tó ti gbẹ mọ́ wọn lára. Fèrèsé Ilé Kejì kọjú síra, atẹ́gùn ń wọlé ó ń jáde. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta péré ni ẹrù inú rẹ̀, ooru omi híhó ni wọ́n sì fi fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Àwọ̀n wáyà kan ló pín ilé náà sí méjì láti ilẹ̀ dé àjà. Bí wọ́n bá ní kí n yan èyí tí mo máa sùn sí, ẹ̀yin náà mọ èyí tí mo máa yàn.

Aago 11:55

Wọ́n tú ẹ̀fọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ sí apá tó tóbi jù nínú Ilé Kejì. Abo ni gbogbo wọn, akọ ẹ̀fọn kì í mu ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń kùn sí wa létí lóru o. Dúdú ni, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jà. Kò bá kòtò ẹlẹ́gbin ṣe. Omi mímọ́ inú àmù àti àgbá ló ń yé ẹyin sí. Ọ̀dọ̀ wa nílẹ̀ Áfíríkà ló ti lọ síbẹ̀. Irú ọkọ̀ ẹrú tó kó àwọn ọmọ Yorùbá tí Kúbà ń pè ní Lùkùmí ló kó ẹ̀fọn náà pẹ̀lú ibà rẹ̀ sọdá òkun.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ọ̀kan mu tirẹ̀ ní ọjọ́ 24 sẹ́yìn, mẹ́ta ní ọjọ́ 12, mẹ́rin ní ọjọ́ 8, méje ní ọjọ́ 5. Ẹ má fojú fo ìṣirò yìí, òun ló bọ́ mọ́ Finlay lọ́wọ́. Ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbé mì ní láti kọ́kọ́ pọ̀ nínú ikùn rẹ̀, kó tó wá dé inú itọ́ tó ń tu sí wa lára bó bá ń jẹ wá. Ìyẹn lè gbà tó ọjọ́ méjìlá. Lójú tèmi, mẹ́rin péré nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni iṣẹ́ ti pé lọ́wọ́ wọn.

Aago 12:00

John Moran wọlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni, aṣọ ìwọ̀sùn nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ Ohio ni Reed pè é nínú ìwé tó kọ. Akọ̀wé ni lọ́fíìsì ọ̀gágun Fitzhugh Lee. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́, ó ní òun ò gbà. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mímọ́ náà.

Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, àwọn ẹ̀fọn ti bà lé e lójú àti lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ibà náà kò ṣe rí wà lódìkejì àwọ̀n, afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí.

Ọwọ́ Moran ni mo máa ń rò. Bí ẹ̀fọn bá bà lé èèyàn, ọwọ́ kì í dúró gba àṣẹ kó tó gbá a. Odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọkùnrin yìí fi fún ọwọ́ tirẹ̀ ní àṣẹ, ọwọ́ náà sì gbọ́. Méje jẹ ẹ́ yó.

Ọ̀sán

Kò sí ohun tí ojú lè rí nínú wákàtí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Moran kọ́ ni àkọ́kọ́: sójà kan tó ń jẹ́ John Kissinger ti dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ 8 oṣù náà, lẹ́yìn tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ Sípéènì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe lébìrà ní Kúbà náà wà níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún dọ́là wúrà ni owó tiwọn, bí ibà bá wá mú èèyàn, ọgọ́rùn-ún míì. Wọ́n buwọ́ lùwé. Ìwé yẹn sì sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ń gbé erékùṣù náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ibà yóò mú wọn bó ti wù kó rí. Àwọn kan ní òun ni àkọ́kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí dókítà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ìwádìí, wọ́n sì ń yìn ín. Èmi gbà pé ó sàn ju kí wọ́n má sọ nǹkan kan lọ. Àmọ́ ẹni tí ebi ń pa kì í ka irú ìwé yẹn bí Moran ṣe ń kà á.

Kí ló tilẹ̀ wà nínú ikùn ẹ̀fọn náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà. Ó di 1927 kí wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì náà mú, nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin kan ní Gold Coast. Èkó ni Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn, kú sí lọ́dún kan náà. Ibà pọ́njú ló pa á. Inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà yìí tí a ń gún fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà lónìí ti ṣẹ̀.

Aago 4:30

Moran padà wọlé, ó lo ogún ìṣẹ́jú. Márùn-ún míì jẹ ẹ́.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ni ibà dé. Bí ibà náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ara á gbóná janjan, orí á máa fọ́, ẹ̀yìn á máa ro. Lára ẹlòmíì, ó lè rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tún padà, ẹ̀dọ̀ á bàjẹ́, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èébì á dúdú torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn. Ó jà gan-an lára Moran, kò ráhùn, ó sì yè é. Ọjọ́ 32 ló ti wà lábẹ́ ìṣọ́ kó tó mú un, kò sí ibòmíì tó lè ti kó o.

Alẹ́

Àwọn mẹ́ta ti sun ogún òru nínú Ilé Kìíní, wọ́n sì jáde ní ọjọ́ 19 láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ 21 yìí, àwọn méjì míì wọlé. Tiwọn tún le jù: ẹ̀wù tí aláìsàn wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àìsàn rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé wọ̀ sùn. Títí di ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orí kan kò fọ́ wọn.

Nínú ilé mímọ́ lọ́hùn-ún, méjì nínú àwọn mẹ́ta ọ̀sán sùn lẹ́yìn àwọ̀n, ara wọn le. Ní apá kejì, bẹ́ẹ̀dì Moran ṣófo. Méjìlá ti yó. Mẹ́ta tó kù ń dúró de aago mẹ́rin ààbọ̀ ọ̀la.