Iye Tí Ó Tọ́ sí Àlòkù Ẹ̀rọ Iṣẹ́ Igi

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá fẹ́ ra àlòkù ẹ̀rọ, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè: ọdún wo ni wọ́n ṣe é, èló ni wọ́n ń ta tuntun rẹ̀, ṣé ọ̀dà ara rẹ̀ kò sì tíì bó. Ẹni tí ń tà á mọ̀ pé ohun tí wọn yóò bi òun nìyẹn, òun ni ó sì ṣe máa ń kun ẹ̀rọ ní ọ̀dà kí oníbàárà tó dé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, a ó rí i pé ohun tí kò sí lára ẹ̀rọ rárá ni ó ń sọ iye tí a lè san lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1800, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ọkọ̀ ogun ojú omi rìn, okùn ni wọ́n sì fi ń fa ìgbòkun rẹ̀. Okùn náà ń gba inú igi kékeré kan kọjá, èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, tí wọ́n sì ki kẹ̀kẹ́ kan bọ̀ ọ́ nínú kí okùn lè máa yọ̀ geere. Ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo lè lo nǹkan bí 1,000 irú igi bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun Ọba lápapọ̀ sì ń fẹ́ tó 100,000 lọ́dọọdún. Marc Brunel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó sá fún rògbòdìyàn ìlú rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1793, tí ó sì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1799, ni ó ronú kan ẹ̀rọ tí yóò máa gbẹ́ ẹ. Henry Maudslay ni ó fi irin ṣe wọ́n. Nígbà tí ó fi di 1808, ẹ̀rọ 45 ti wà lẹ́nu iṣẹ́, igi okùn tí wọ́n sì ṣe ní ọdún náà tó 130,000. Ọkùnrin 10 tí wọn kò kọ́ṣẹ́ ń ṣe iṣẹ́ tí ó ń gba oníṣẹ́ ọwọ́ 110 tẹ́lẹ̀. (Ohun tí àwọn 110 náà ń jẹ lẹ́yìn èyí, ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀.)

Èló wá ni kí ìjọba san fún Brunel? Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta irú ohun bẹ́ẹ̀ rí, tí ènìyàn ìbá fi wò ó. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n irin ṣírò rẹ̀, ìwọ̀sí ni. Samuel Bentham, tí ó jẹ́ ọ̀gá alábòójútó iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ogun, fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ṣírò owó tí ẹ̀rọ náà dá dúró sápò ìjọba ní ọdún kan péré, kí wọ́n sì fi san án. Owó náà ju £16,000 lọ. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Brunel gba nǹkan bí £17,000. Lójú tèmi, n kò tíì rí ìdíyelé tí ó bọ́gbọ́n mu tó èyí. Wọn kò bèèrè bí ẹ̀rọ náà ti rí. Ohun tí wọ́n bèèrè ni ìnáwó tí ìbá bá wọn bí kò bá sí. Owó náà kò kúkú pẹ́ lọ́wọ́ Brunel: ní 1821 wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè, àfi ìgbà tí ìjọba mú £5,000 wá kí ó tó jáde.

Ogun Napoleon parí ní 1815, ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn sì dín kù. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tí èéfín ń wà dé, tí ìgbòkun ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Òmíràn nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di àwọn ọdún 1960, ìyẹn lẹ́yìn 150 ọdún. Síbẹ̀, láàárín 1933 àti 1951, ńṣe ni àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ogun fi díẹ̀ nínú wọn ta ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ san £17,000 nígbà kan di ohun à-fi-tọrẹ, irin rẹ̀ kò sì jẹrà.

Agbára tí ń yí ẹ̀rọ tún ni ọ̀ràn mìíràn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀rọ kan tí ooru omi gbígbóná ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ó sábà máa ń yí ọ̀pá irin gígùn kan lókè àjà. Láti ara ọ̀pá yìí ni bẹ́líìtì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá yí ayùn àti ìfági. Nígbà tí iná mànàmáná dé, tí olúkúlùkù ẹ̀rọ sì wá ní mọ́tọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì di ẹrù fún ẹni tí kò ní ọ̀pá lókè àjà mọ́. Kò sí ohun tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á gbọ́dọ̀ yọ owó mọ́tọ̀ kúrò nínú iye tí yóò san. Bákan náà ni ọ̀ràn ibi tí ọ̀pá ti ń yí nínú ẹ̀rọ. Ní 1839, Isaac Babbitt ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà kan láti fi irin rírọ̀ tí tánńganran pọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ, wọn a yọ́ òmíràn, wọn a dà á síbẹ̀, ẹ̀rọ a sì tún dára. Lẹ́yìn náà ni bíárìn tí ó ní ọmọ irin róbótó nínú gba ipò rẹ̀. Ní ìlú tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dà bá ṣì wà, ẹ̀rọ Babbitt lówó lórí. Níbi tí kò bá sí, irin lásán ni.

Ṣùgbọ́n òfin ni ó yà mí lẹ́nu jù. Nínú ìfági àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ ti pákó gba orí rẹ̀, irin onígun mẹ́rin ni wọ́n máa ń de abẹ mọ́. Àlàfo ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọwọ́ bá sì yọ̀, ìka á wọ inú àlàfo náà lọ, kò sì ní jáde ní pípé. Irin mìíràn wà tí ó róbótó bí ọmọ odó, tí àlàfo rẹ̀ kéré. Ìyẹn lè bó ẹran ìka, ṣùgbọ́n kì í sábà gbé ọwọ́ mì. Ní 1922, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé irú ìfági bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ àfi bí irin rẹ̀ bá róbótó. Láti ọjọ́ tí òfin náà ti múlẹ̀, ìfági onígun mẹ́rin tí ó mú ṣáṣá kò níye lórí mọ́ ju irin róbótó tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ lọ.

Àbúrò bàbá mi tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìbàdàn kò ka ìtàn yìí rí. Ìfági tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ tí ó rà, ọ̀dà ara rẹ̀ ni ó wò. Ìgbà tí ó gbé e délé ni ó tó mọ̀ pé iná fésì mẹ́ta ni mọ́tọ̀ rẹ̀ ń fẹ́, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ó tún fẹ́ ra òmíràn, èmi ni mo bá a lọ. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tọ̀. Ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀, ó gbé etí sí i. Ó tẹ̀ ba, ó wo irin abẹ bóyá ó róbótó.

Ọmọkùnrin tí ń tà á ní, “Bàbá, ṣé ẹ kò ní bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é ni?”

Àbúrò bàbá mi kò dá a lóhùn. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ìka ṣírò owó tí ó ti san láti ọdún tó kọjá fún àwọn tí ń bá a fá pákó. Ó yọ owó bíárìn tuntun kúrò, ó yọ owó ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ó tó padà wá nájà.