Bí Ẹ̀yẹ Ṣe Kan Àwọn Tó Ń Wádìí Ènìyàn àti Àyíká

Nígbà tí Alfred Nobel kọ ìwé ìhágún rẹ̀ lọ́dún 1895, ẹ̀ka márùn-ún ló ya owó sọ́tọ̀ fún: físíìsì, kẹ́mísírì, ìmọ̀ ìṣègùn, lítíréṣọ̀ àti àlàáfíà. Kò rántí àyíká, kò sì dárúkọ ìmọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń gbé pọ̀ láwùjọ. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Sweden ló fi ti ètò ọrọ̀-ajé kún un lọ́dún 1968. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi ayé rẹ̀ wádìí ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ojú ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ rí, àti bí ìyà rẹ̀ ṣe ń padà jẹ wọ́n, kò ní àwùjọ tí wọ́n ti lè pe orúkọ rẹ̀ jáde fún ẹ̀yẹ. Ó pẹ́ kí ọ̀nà tó là fún irú wọn.

Tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, John àti Alice Tyler, ló dá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn àyíká tó ti pẹ́ jù lọ sílẹ̀ lọ́dún 1973. Iṣẹ́ ìbánigbófò ni John Tyler fi lówó, Yunifásítì Gúúsù California ló sì ń bójú tó ẹ̀bùn náà. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ gbà á lọ́dún 1974 jẹ́ ká mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo àyíká nígbà náà. Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní California, ló tú àṣírí kùrukùru tó ń ta àwọn ará Los Angeles lójú: èéfín ọkọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ ìfọpo ni oòrùn ń sọ di májèlé nínú afẹ́fẹ́. Evelyn Hutchinson ti Yale mọ adágún omi bí ẹni mowó. Ẹnì kẹta, Maurice Strong ọmọ Kánádà, kì í ṣe olùwádìí rárá. Òun ló darí àpérò àgbáyé lórí àyíká tó wáyé ní Stockholm lọ́dún 1972. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí lórí ìwà ènìyàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó yí èyí padà ni Gilbert White, àmọ́ ó dúró títí. Lọ́dún 1942 ni ó parí ìwé ìwádìí oyè dókítà rẹ̀ lórí omíyalé ní Yunifásítì Chicago. Owó gọbọi ni ìjọba Amẹ́ríkà ń ná nígbà yẹn lórí ìsédò àti ògiri etí odò, síbẹ̀ àdánù tí omíyalé ń fà kò yé pọ̀ sí i. Ohun tí White rí ni pé bí wọ́n bá ti mọ ògiri tán, ọkàn àwọn ènìyàn á balẹ̀, wọ́n á wá máa kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Lọ́jọ́ tí omi bá wá bo ògiri náà mọ́lẹ̀, ohun tí yóò gbé lọ á ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Kì í ṣe òjò nìkan ló yẹ kí a bá wí. White ní kí ìjọba má gbẹ́kẹ̀ lé ògiri nìkan: kí wọ́n máa ta ará ìlú lólobó kí omi tó dé, kí wọ́n ṣòfin lórí ibi tí a lè kọ́lé sí, kí wọ́n sì ṣètò ìbánigbófò. Ìgbìmọ̀ tó ṣe alága rẹ̀ lọ́dún 1966 wà lára ohun tó bí ètò ìbánigbófò omíyalé tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1968. Ẹ̀bùn Tyler kàn án lọ́dún 1987, ọdún 45 lẹ́yìn ìwé náà.

Àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì, tí White jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tilẹ̀ ní ẹ̀yẹ tiwọn. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń fún àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ní ẹ̀bùn Vautrin Lud ní Saint-Dié-des-Vosges, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí àlùfáà Vautrin Lud ń ṣagbátẹrù wọn ti fi orúkọ “America” sórí àwòrán ayé lọ́dún 1507. Milton Santos, aláwọ̀ dúdú ọmọ Bahia ní Brazil, gba ẹ̀bùn náà lọ́dún 1994. Lọ́dún 2017, ó kan Akin Mabogunje, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí sí Kano lọ́dún 1931.

Ìbàdàn ni Mabogunje ti kọ́ni ní yunifásítì, ìwé rẹ̀ lórí bí ìlú ṣe ń gbòòrò ní Nàìjíríà sì jáde lọ́dún 1968. Láti 1980 sí 1984, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé, ipò tí ọmọ Áfíríkà kankan kò tíì dé ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 2001, ó wà lára àwọn 23 tó fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn Science. Robert Kates, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ White, ló ṣíwájú wọn. Wọ́n ní a nílò ìmọ̀ kan tí yóò jókòó sí àárín ìwádìí ìṣẹ̀dá àti ìwádìí àwùjọ, tí kò sì ní yọ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ tí kò lówó sílẹ̀. Lọ́dún 2004, Kates àti Mabogunje jọ kọ̀wé lórí Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀. Nílùú náà, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Awùjalẹ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbógun ti òṣì. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, àti ọmọ ìlú nílé lóko ń dáwó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ń yá a ṣòwò. Inú ètò yìí ni abúlé ọ̀sìn ẹja ní Èrìwè ti jáde, níbi tí adágún àfọwọ́gbẹ́ ti tò lọ rẹrẹ tí oníkálùkù ń sin ẹja tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ìwádìí tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n láàárín iṣẹ́ àwọn tó ń gba ẹ̀bùn ńláńlá.

Ẹ̀bùn àyíká ń pọ̀ sí i ní gbogbo àkókò yìí. Àjọ Asahi Glass ní Japan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn Blue Planet lọ́dún 1992, ọdún àpérò àgbáyé lórí àyíká ní Rio. Lọ́dún 1995, Nobel kẹ́mísírì bọ́ sọ́wọ́ Paul Crutzen, Mario Molina àti Sherwood Rowland, tí wọ́n wádìí ohun tó ń ba ósóònù jẹ́ lójú sánmà. Ẹ̀bùn àlàáfíà kan Wangari Maathai lọ́dún 2004 àti ìgbìmọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé pẹ̀lú Al Gore ní 2007.

Ní 2009, ẹ̀bùn ètò ọrọ̀-ajé dé ọ̀dọ̀ Elinor Ostrom ti Yunifásítì Indiana, òun àti Oliver Williamson ló jọ gbà á. Obìnrin kankan kò tíì gba ẹ̀bùn yẹn rí ṣáájú rẹ̀, òun alára kò tilẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé. Ìmọ̀ ìṣèlú ló kà. Ọ̀rọ̀ tó wá dáhùn ti wà nílẹ̀ láti 1968, nígbà tí Garrett Hardin kọ̀wé pé pápá tí gbogbo ènìyàn bá jọ ń da ẹran lọ kò lè ṣe kó má bàjẹ́, nítorí oníkálùkù ni yóò máa fi màlúù kún tirẹ̀. Àfi kí ìjọba gbà á tàbí kí a pín in lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ostrom ní kí a lọ wò ó níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Törbel, abúlé orí òkè kan ní Switzerland, òfin ọdún 1517 ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da màlúù tó ju èyí tó lè bọ́ nígbà òtútù lọ sórí òkè. Ní Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn yàn ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà láti dá ẹjọ́ omi ìbomirin: ẹnu ni wọ́n fi ń ro ẹjọ́, ojú ẹsẹ̀ ni ìdájọ́ sì ń jáde. Ní Nepal, kòtò ìbomirin tí àwọn àgbẹ̀ fọwọ́ ara wọn gbẹ́ sábà máa ń sàn ju èyí tí ìjọba fi símẹ́ǹtì ṣe, nítorí àwọn àgbẹ̀ ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí omi kàn àti ẹni tí yóò túnṣe. Ìwé Ostrom lórí gbogbo èyí jáde lọ́dún 1990. Nínú gbogbo ẹ̀yẹ inú ìtàn yìí, èyí tí Ostrom gbà ló wúwo jù, nítorí ó ka àgbẹ̀ àti apẹja sí ẹni tó lóye. Ostrom kú lọ́dún 2012.

Ẹ̀bùn kan náà kan William Nordhaus ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, òun pẹ̀lú Paul Romer. Nordhaus ló fi ìṣirò so ọrọ̀-ajé àgbáyé pọ̀ mọ́ ooru ayé, tó sì ní kí wọ́n máa gba owó orí lórí èéfín kábọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé kéde pé ewu ń bẹ bí ooru ayé bá fi ohun tó ju ìwọ̀n Celsius 1.5 lé sí ti àtijọ́. Ọ̀nà tí ìṣirò Nordhaus kà sí èyí tó dára jù gbà kí ó ju 3 lọ kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ta kò ó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ìṣirò tó bá ka àdánù ọjọ́ iwájú sí ohun kékeré ti dá àwọn tí a kò tíì bí lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu wọn. Partha Dasgupta, tí wọ́n bí ní Dhaka, gba ọ̀nà mìíràn: ó ní kí a ka igbó, omi àti ilẹ̀ mọ́ ọrọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó gba Blue Planet ní 2015 àti Tyler ní 2016.

Lọ́dún 2025, ẹ̀bùn Tyler dé Gúúsù Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Sandra Díaz ọmọ Argentina àti Eduardo Brondízio ọmọ Brazil ló gbà á. Wọ́n wà lára àwọn alága ìwádìí àgbáyé ọdún 2019 tó sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan irú ẹ̀dá ló wà nínú ewu àkúrun. Indiana náà ni Brondízio ti ń ṣiṣẹ́, bíi Ostrom. Etí odò Amazon ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tó ń ta èso ọ̀pẹ açaí. Lójú àwọn aláṣẹ, ẹni tó ń he èso inú igbó lásán ni wọ́n. Ìwádìí Brondízio fi hàn pé àgbẹ̀ ni wọ́n: wọ́n ń gbin ọ̀pẹ náà, wọ́n ń gé èyí tó dí i lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣètò igbó náà láti ìran dé ìran.