Òkè Méjì àti Sísì: Ìjà Lórí Owó Ìlera Ọmọdé ní Ìwọ̀-Oòrùn

Kí ìjọba kankan tó mẹ́nu ba ìlera ọmọdé ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ìyá wa ti ń fi omijé san owó rẹ̀, nítorí ẹni tó bá wọ agboolé kan láyé àtijọ́, tó gbọ́ tí wọ́n ń pe Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè iye ìgbà tí a ti gbẹ́lẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé náà. Orúkọ wọ̀nyẹn ti sọ bí ibà àti gìrì ti ń já ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá kí àgbo tó hó lórí iná. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abiyamọ bí méje láìrí ẹyọ kan tí yóò sin òun.

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe aṣáájú rẹ̀, gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1952, ó wà nínú ìpinnu wọn pé kí gbogbo ọmọ kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sì gba ìtọ́jú ní ọsibítù ìjọba láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní 1953 ni ìjọba bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé ẹni gbogbo tó ń san owó-orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì lórí olúkúlùkù, èyí tí í ṣe òkè méjì àti sísì lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n ṣì ń ka owó bí ẹni ń ka ẹyọ.

Ìbínú gba ìlú. Ẹgbẹ́ Alákùkọ, tí ń bá Ọlọ́pẹ du ìbò, mọ ibi tí egbò náà wà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fọwọ́ bà. Ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, Adégòkè Adélabú, aṣáájú wọn níbẹ̀, tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí Pẹnkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì, gbé ọ̀rọ̀ owó-orí lé orí ahọ́n, mẹ̀kúnnù sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ kí ara ọmọ le. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá: ní 1918 ni àwọn Ẹ̀gbá ti ja ogun Àdùbí nítorí owó-orí, akódà sì ti di ẹni tí ọkùnrin ń sá fún wọ igbó, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti san tirẹ̀ pàápàá kì í jẹ́ kí rìsíìtì jìnnà sí àpò dàńṣíkí rẹ̀, kí wọ́n má baà dá a dúró lọ́nà oko kí ó sì di ẹlẹ́jọ́. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, nínú àga 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, 23 bọ́ sọ́wọ́ Alákùkọ, 18 péré ni Ọlọ́pẹ rí mú, nílé ara rẹ̀.

Èmi kò jẹ́ dá àwọn tó dìbò yẹn lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni n kò jẹ́ sọ pé ìjọba ṣẹ̀ nítorí pé ó bèèrè owó. Ibi tí ó ti ṣì í ni pé ó na ọwọ́ kí ojú tó rí nǹkan, àwọn ènìyàn wa kì í sì í gba ohun tí ojú wọn kò rí gbọ́ lẹ́nu agbowó-orí. Ojú wá rí i ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí, tí gbogbo ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Nínú ìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1956, Ọlọ́pẹ gba àga 48 nínú 80.

Ilé-ìwé yá ju ọsibítù lọ. Ará ìlú lè fi amọ̀ mọ yàrá, kí wọ́n fi páànù bò ó, kí olùkọ́ wọlé lọ́túnla, ṣùgbọ́n dókítà kò ṣeé mọ bí ògiri. Ìwòsàn di ọ̀fẹ́. Fún ọmọ tó ń gbé abà, ọ̀nà ibẹ̀ ni kò ṣe ọ̀fẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ìtàn Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tọ Ìmẹ̀sí-Ilé lọ. Bí wọ́n ti ń wọn ọmọ ní oṣooṣù ni wọ́n ń fi kálámù tọ́ àmì sórí káàdì, títí àmì yóò fi di ìlà. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí ó bá dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò bèèrè ohun tí ọmọ ń jẹ kún ọmú, kí àìsàn tó fojú hàn. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í gbé ọsibítù. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti rìn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé.

Ní 1979 ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀ tún fi ìwòsàn ọ̀fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n fi ń tọrọ ìbò, ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin adójútòfò ìlera tuntun, tó ní kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká a, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wà lára wọn. Bí mo ti ń gbọ́ ọ, ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ọdún 1953 yẹn lọ́nà oko, rìsíìtì lápò rẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, tí oòrùn sì ti ń lọ wọ̀ kí wọ́n tó dé ibi tí oògùn wà.