Ìtọpasẹ̀ Orí Fóònù Láàárín Tọkọtaya

Ìtọpasẹ̀ orí fóònù ni kí ẹnì kan máa wo ibi tí ẹlòmíràn wà lórí máàpù, yálà onítọ̀hún fọwọ́ sí i tàbí kò mọ̀ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìbéèrè àtijọ́ nì, "Níbo lo dé?" Ọkọ tó ní òun ti dé Ojodu Berger l'Ékòó kò ríbi purọ́ gbà mọ́ bí ìyàwó rẹ̀ bá ń wo àmì róbótó tí kò tíì kúrò lórí afárá Third Mainland.

Google gbé Latitude, áàpù irú ìtọpasẹ̀ yìí, jáde lọ́dún 2009, ó sì kógbá rẹ̀ wọlé ní 2013. Find My Friends ti Apple dé ní 2011. Ní 2017, irú ìtọpasẹ̀ yìí wọ Google Maps àti WhatsApp náà. Ti WhatsApp ní gbèdéke: ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8, lẹ́yìn náà yóò pa ara rẹ̀. Ti Google Maps àti Apple ṣeé ṣí sílẹ̀ títí lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Obìnrin tó wọ takisí lálẹ́, tí ẹ̀rù one chance, ìyẹn àwọn olè inú ọkọ̀ èrò, ń bà, tó sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa wo ọ̀nà tí òun ń gbà fún wákàtí kan, mọ ìgbà tí yóò parí. Ẹni tó gbà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì ti gbàgbé, kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń wo òun.

Àmì orí máàpù ọ̀hún kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dájú. Ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti Wi-Fi àyíká ni fóònù ti ń mọ ibi tó wà. Ní gbangba, àṣìṣe rẹ̀ lè má ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ. Láàárín ilé gíga, ó lè fo ògiri. Ẹni tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì lè hàn nínú òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìjà sì ti máa dúró dè é nílé. Ẹni tó sì fi fóònù sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, ọ́fíìsì náà ni máàpù yóò sọ pé ó wà.

Nígbà mìíràn, áàpù tí kò sẹ́ni tó rò ó sí ló ń tú àṣírí. Oníṣòwò kan ní Côte d'Azur, nílẹ̀ Faransé, fi fóònù ìyàwó rẹ̀ pe ọkọ̀ Uber lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀. Ó rò pé ó ti tán. Àṣé áàpù náà ní àléébù kan: gbogbo ìgbà tó bá tún pe ọkọ̀ lórí fóònù tirẹ̀, ó ń ta ìyàwó lólobó. Ìyàwó fura, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 2017, ọkùnrin náà pe Uber lẹ́jọ́, ìròyìn sì ní owó tó ń bèèrè tó mílíọ̀nù 45 yúrò. Ọkọ̀ lásán ni wọ́n dá áàpù yẹn sílẹ̀ fún o.

Ní Saudi Arabia, ìjọba gan-an ló dá sí i: ní 2012, ayé gbọ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ìjọba ń dé sórí fóònù ọkọ bí ìyàwó rẹ̀ bá ń jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà.

Èyí tó burú jù ni áàpù amí tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú fóònù ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti mọ páásìwọ́ọ̀dù fóònù náà lè fi sí i nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń wẹ̀. Ní 2021, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, lé SpyFone, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú áàpù bẹ́ẹ̀, àti ọ̀gá rẹ̀ kúrò nínú òwò yìí. Ọdún náà ni AirTag, ẹ̀rọ ìtọpasẹ̀ kékeré ti Apple, jáde, kò sì pẹ́ táwọn kan fi ń jù ú sínú báàgì ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Apple àti Google jọ ṣe é kí iPhone àti Android máa kìlọ̀ fún ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ń tẹ̀ lé.

Ní Nàìjíríà, abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Kò yọ tọkọtaya sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kò dá sí ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀, bí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí yẹn lójú. Ṣùgbọ́n iwájú àwọn àgbà ẹbí tàbí pásítọ̀ ni irú ẹjọ́ yìí sábà ń dé, ìbéèrè tí wọ́n sì ń kọ́kọ́ bi ẹni tí wọ́n tọpa rẹ̀ níbẹ̀ ni, "Kí lo lọ ṣe níbẹ̀ ná?"